Ẹ Yẹ Bẹ́ẹ̀dì Wò Kí Ẹ Tó Sùn
Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń lọ gbé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọ́n á ní ilé ọ̀bùn nìkan ni ìdun ń gbé. Kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀tí, inú báàgì ló sì ń bá èèyàn wọlé. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rírán mátíréèsì. Àmì dúdú tíntìntín, bí ìgbà tí yíǹkì kán sí aṣọ, ìgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹlòmíràn á ní oògùn ẹ̀fọn ti tó. Ẹyin ìdun kì í sábà kú sí i, oògùn náà sì léwu fún ẹni tó sùn tì í. Ooru ló dájú: ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ, kí ẹ sì lọ̀ ọ́. Ẹ tún bẹ́ẹ̀dì yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, torí ẹyin tó ṣẹ́kù á ti pa.