ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Ibi Tí Node.js Ti Ń Wá Fáìlì

Ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ibi tí a dúró sí béèrè ni í sọ bí ìdáhùn yóò ti wúlò tó. Ní Ṣàgámù, ìlú Akárìgbò, tí àwọn ìlú Rẹ́mọ parapọ̀ tẹ̀dó ní 1872, “yà sọ́tùn-ún” tí ó gbé ará àdúgbò Màkún délé lè ṣi ará àdúgbò Òfin lọ́nà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nínú Node.js, tí Ryan Dahl gbé jáde ní 2009: bí a bá kọ require('./owo'), inú fódà tí fáìlì tí ń pè é wà ni yóò ti wá a, ṣùgbọ́n bí a bá kọ fs.readFileSync('./oja.txt'), fódà tí a wà nígbà tí a pàṣẹ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni yóò wò. Nítorí náà ni ètò tí ń ṣiṣẹ́ geere ṣe ń figbe ENOENT (“kò sí fáìlì náà”) ta bí a bá ti inú fódà mìíràn pè é. Àtúnṣe rẹ̀ ni path.join(__dirname, 'oja.txt'), nítorí __dirname ni fódà tí fáìlì ètò náà fúnra rẹ̀ wà.

Bí “Cannot find module” bá hàn nígbà tí ẹ lo require tàbí import, ẹ yẹ nǹkan mẹ́ta wò:

• Ṣé './' ṣíwájú orúkọ fáìlì yín? Láìsí i, inú node_modules ni Node yóò ti máa wá a, láti fódà dé fódà lókè rẹ̀.
• Ṣé lẹ́tà ńlá àti kékeré bára mu? Ọ̀tọ̀ ni Owo.js, ọ̀tọ̀ ni owo.js lójú Linux.
• Ṣé “.js” parí orúkọ náà nínú import? Require lè fi kún un fúnra rẹ̀. Import kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àgbà tí ó ṣubú, ẹ̀yìn ni í wò: bí ó bá jẹ́ ENOENT ni ó hàn, ẹ kọ́kọ́ fi console.log wo process.cwd(), ìyẹn fódà tí a wà nígbà tí a pàṣẹ, kí ẹ tó yí ohunkóhun padà.