Ẹ̀ka, Pàlàkà àti Ìrudi: Èdè Tí Ó Yẹ fún Àyẹ̀wò Lílì Ọjọ́-Kan

Ẹ̀ka jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọdé ti ń mọ̀ láti ìgbà tí ó bá ti lè tọ́ka sí igi, ìmọ̀ tí ó wọ́pọ̀ yìí gan-an ni ó sì ń mú kí àwọn òǹkọ̀wé fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà bo nǹkan mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣàpèjúwe ewéko inú ọgbà. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, àléébù yìí kì í ṣe bàbàrà, nítorí pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lè fi ìka tọ́ka sí ohun tí ó ń wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di àkọsílẹ̀, tí ẹni tí yóò kà á kò sì sí nítòsí láti fojú rí ewéko náà, àìya ẹ̀ka sọ́tọ̀ kúrò lára pàlàkà, èhù àti ìrudi a máa sọ àpèjúwe di ohun tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ewéko kan wà tí ó fi èyí hàn kedere ju ọ̀pọ̀ lọ, nítorí pé bí ó ṣe ń yọ ẹ̀ka wà lára ohun tí àwọn ọlọ́gbà fi ń pinnu bóyá kí wọ́n dá a sí tàbí kí wọ́n hú u dànù.

Ewéko náà ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hemerocallis, orúkọ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì so pọ̀, tí ọ̀kan túmọ̀ sí ọjọ́, tí èkejì sì túmọ̀ sí ẹwà, nítorí pé òdòdó rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í sábà ju ọjọ́ kan lọ kí ó tó rọ. Ìlà-oòrùn Éṣíà, ní ilẹ̀ Ṣáínà, Jàpáànù àti Kòríà, ni ó ti ṣẹ̀ wá, àwọn ará Ṣáínà sì máa ń sá ìrudi irú kan nínú rẹ̀ gbẹ fún oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ mímú irú méjì pọ̀ láti bí irú tuntun ti gbilẹ̀ jù lọ. Arlow Burdette Stout, ẹni tí ó ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ ní New York Botanical Garden, gbé ìwé rẹ̀, Daylilies, jáde ní ọdún 1934, nígbà tí ó sì di ọdún 1946 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ American Hemerocallis Society sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn irú tuntun. Ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ní Houston tàbí Atlanta kò ní ṣàìrí i níwájú ilé àti lẹ́bàá ọ̀nà nígbà ooru.

Yorùbá kò ní orúkọ fún un láti ìpìlẹ̀, ọ̀rọ̀ àyálò náà, lílì, tí ó ti wọ èdè láti inú Bíbélì, kò sì bá a mu tán, nítorí pé lílì gidi máa ń hù láti inú ìta tí ó ní ìpele bí àlùbọ́sà, ewé sì máa ń gun ara ọ̀pá rẹ̀ lọ sókè, nígbà tí ó jẹ́ pé ìdí ni gbogbo ewé ti èyí ti ń jáde, tí ọ̀pá tí ó gbé òdòdó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìhòòhò. Nítorí náà ni a ṣe lo lílì ọjọ́-kan níhìn-ín, pẹ̀lú àmì ìsopọ̀, kí ó lè hàn pé orúkọ kan ṣoṣo ni, pé kì í ṣe lílì tí ó pé ọjọ́ kan.

Ohun tí ó kọ́kọ́ yẹ kí a yanjú ni orúkọ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀. Ewé rẹ̀ máa ń tò sí ọ̀tún àti òsì láti ìdí kan náà, tí ó fi ń dà bí abẹ̀bẹ̀, abẹ̀bẹ̀ náà sì ni àwọn ọlọ́gbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń pè é ní èdè tiwọn. Láti àárín abẹ̀bẹ̀ ewé yìí ni ọ̀pá gígùn kan ti ń yọ, tí òdòdó yóò wà lórí rẹ̀. Àwọn kan a máa pe ọ̀pá yìí ní igi, àwọn mìíràn a sì pè é ní ẹ̀ka, ṣùgbọ́n kò yẹ ní igi, nítorí pé kò ní ìtì, bẹ́ẹ̀ ni òdòdó bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ni yóò gbẹ. Kò sì lè jẹ́ ẹ̀ka, nítorí pé òun gan-an ni ẹ̀ka ń yọ lára rẹ̀. Ọ̀pá òdòdó ni ó tọ́. Ohun tí ó wà ní orí ọ̀pá tàbí ní orí ẹ̀ka, tí kò tíì là, ni ìrudi. Nígbà tí ó bá là, ó di ìtànná. Ẹni tí ó bá rò pé ìrudi jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò sí lẹ́nu ènìyàn mọ́ lè ṣí Bíbélì Yorùbá, èyí tí Samuel Ajayi Crowther ṣe agbátẹrù ìtumọ̀ rẹ̀, sí ìwé Ẹ́kísódù orí 25, níbi tí a ti ṣàpèjúwe ọ̀pá fìtílà tí ó ní ẹ̀ka mẹ́fà, mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kìíní, mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kejì: ẹ̀ka, ìrudi àti ìtànná wà níbẹ̀ pọ̀ lára ohun kan ṣoṣo, ìkọ̀ọ̀kan wọn sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láìwọ inú ara wọn. Ìyàtọ̀ tí ó yẹ kí ó wà nínú àkọsílẹ̀ ọgbà nìyẹn.

Lórí ọ̀rọ̀-ìṣe ni àṣìṣe ti pọ̀ jù lọ, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí a ti fara balẹ̀. Yà, tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀, ni a ń lò fún ohun tí ó kúrò lára òmíràn tí ó sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, bí a ti ń sọ pé ọ̀nà yà sápá òsì. Ya, tí ó ní ohùn àárín, ni a ń lò fún ohun tí ó fà ya, bí aṣọ. Nígbà tí a bá kọ ọ́ pé ẹ̀ka yà lára ọ̀pá, ìròyìn ayọ̀ ni, ẹ̀ka tuntun ti jáde. Bí a bá gbàgbé àmì ohùn kan ṣoṣo yẹn, tí a kọ ọ́ pé ẹ̀ka ya lára ọ̀pá, àdánù ni a ròyìn, afẹ́fẹ́ tàbí ọwọ́ ènìyàn ti fa ẹ̀ka ya. Síbẹ̀, àmì ohùn nìkan kò lè gba òǹkọ̀wé là, nítorí òfin kan tí gbogbo ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ń tẹ̀lé láìmọ̀: ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń gba ohùn àárín nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. Rà ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà nínú rà á, ṣùgbọ́n ra ẹran ni a ń wí. Wọ̀ ni nínú wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n wọ aṣọ ni a ń wí. Nípa bẹ́ẹ̀, yà àti ya yóò di ohùn kan náà níwájú ẹ̀ka, tí ó fi jẹ́ pé ya ẹ̀ka lè jẹ́ ìdàgbàsókè, ó sì lè jẹ́ ìparun.

Àwọn kan yóò sọ pé kí a kúkú máa lo yọ ẹ̀ka tàbí pẹ̀ka, kí wàhálà lè tán. Wàhálà kò tán. Ewéko yọ ẹ̀ka nígbà tí ẹ̀ka jáde lára rẹ̀, ọlọ́gbà náà sì lè yọ ẹ̀ka kúrò lára ewéko. Ewéko pẹ̀ka nígbà tí ó bá gbilẹ̀, ṣùgbọ́n nínú òwe tí ó sọ pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, ènìyàn ni olùṣe, ẹ̀ka ni a sì ń gé. Ó jẹ́ ohun tí ó yẹ ní àkíyèsí púpọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ya, yọ àti pa tí ó wà nínú pẹ̀ka, ni ó lè dá ẹ̀ka sílẹ̀ tàbí kí ó mú un kúrò, tí ó sì jẹ́ pé olùwà gbólóhùn nìkan ni ó ń fi ìtumọ̀ hàn. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sínú ìwé ọgbà rẹ̀ pé yọ ẹ̀ka mẹ́ta, láìdárúkọ olùṣe, kò tíì sọ nǹkan kan. Kódà ó yọ ẹ̀ka mẹ́ta kò tó, nítorí pé ó yẹn lè jẹ́ ewéko, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ó di ọ̀bẹ mú. Ọ̀pá náà yọ ẹ̀ka mẹ́ta ni kí ó kọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan iye ẹ̀ka, níbi tí pàlàkà ti wúlò. Pàlàkà ni ibi tí ohun kan ti là sí méjì, tí ẹ̀yà méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, gẹ́gẹ́ bí pàlàkà igi tí ọdẹ lè jókòó lé lórí. Ní ṣóńṣó orí ọ̀pá òdòdó lílì ọjọ́-kan, pàlàkà sábà máa ń wà, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi lẹ́tà V tàbí Y ṣàpèjúwe rẹ̀. Àwọn ọlọ́gbà kan ń ka pàlàkà yìí mọ́ ẹ̀ka, àwọn mìíràn kì í kà á, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pá kan náà lè ní ẹ̀ka mẹ́ta lójú ẹnì kan, kí ó sì ní mẹ́rin lójú ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ ní Yorùbá pé ẹ̀ka mẹ́ta àti pàlàkà orí ti yanjú ọ̀rọ̀ náà pátápátá, kò sì sí àlàyé mìíràn tí a ó tún máa ṣe lé e.

Àpètúnpè iye tún jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a fi ọwọ́ gidi mú. Bí ìdí kan bá ní ọ̀pá òdòdó mẹ́ta, tí a sì kọ ọ́ pé wọ́n ní ẹ̀ka mẹ́rin, òǹkàwé lè rò pé mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ka mẹ́rin mẹ́rin ni yóò fi hàn pé ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní mẹ́rin, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 12. Ìrudi náà ń tẹ̀ lé ìlànà yìí. Ọ̀pá tí ó ní ẹ̀ka mẹ́ta, tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìrudi márùn-ún márùn-ún, tí apá méjèèjì pàlàkà rẹ̀ sì ní ìrudi mẹ́ta mẹ́ta, yóò ní ìrudi 21; bí ọ̀kan ṣoṣo bá ń là lójúmọ́, òdòdó yóò wà lórí ọ̀pá náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí méjì bá ń là lójúmọ́, kò ní ju ọjọ́ 11 lọ. Nínú ìṣirò kékeré yìí ni gbogbo ìdí tí ẹ̀ka fi ṣe pàtàkì fara sin sí, nítorí pé ewéko tí òdòdó rẹ̀ kì í ju ọjọ́ kan lọ kò lè fi ohun mìíràn mú àkókò rẹ̀ gùn ju ọ̀pọ̀ ìrudi lọ, ẹ̀ka ni ó sì ń pèsè àyè fún wọn.

Àyè yìí kò dọ́gba nínú gbogbo irú rẹ̀. Hemerocallis middendorffii àti Hemerocallis dumortieri kì í sábà yọ ẹ̀ka rárá, orí ọ̀pá ni òdòdó wọn máa ń ṣùjọ sí, nígbà tí Hemerocallis multiflora, tí Stout lò nínú iṣẹ́ rẹ̀, máa ń yọ ẹ̀ka púpọ̀. Ṣùjọ ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ fún ti àkọ́kọ́. Kò tọ́ kí a sọ pé ẹ̀ka wọn kúrú. Bákan náà, bí ẹ̀ka bá wà ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn kóra jọ sí òkè, a lè sọ pé ọ̀pá náà yà lórí nìkan, àti pé ẹ̀ka rẹ̀ há mọ́ra, nítorí pé òdòdó yóò máa ti ara wọn, wọn kò sì ní lè là tán. Èyí tí ó dára ni kí ẹ̀ka bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n sì jìnnà síra.

Ní ti ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò fúnra rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀ka tọ́, ṣùgbọ́n yẹ̀wò ẹ̀ka kò tọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí àbọ̀ máa ń bọ́ sí àárín wọn: yẹ ẹ̀ka wò ni a ń wí, tàbí yẹ̀ ẹ́ wò, bí àbọ̀ náà bá jẹ́ ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Ohun tí a ń yẹ̀ wò ni ó tún yẹ kí a pe orúkọ rẹ̀ dáadáa. Èhù ni èyí tí ó hù láti inú hóró, hóró kọ̀ọ̀kan tí ó sì wá láti inú òdòdó tí a mú irú méjì pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń bí ewéko tí kò jọ òmíràn. Ọmọ ni èyí tí ó yọ ní ìdí ìyá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, òun àti ìyá rẹ̀ kò sì yàtọ̀ síra. Bí a bá pe èhù ní ọmọ, ńṣe ni a sọ fún òǹkàwé pé ó ti mọ bí ẹ̀ka rẹ̀ yóò ṣe rí, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ ọ́n.

Èyí ni ó mú ọ̀rọ̀ dé ibi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀pá náà yọ ẹ̀ka mẹ́ta àti èhù yìí máa ń yọ ẹ̀ka mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ ń ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ti èkejì ń sọ ìṣe tí ó ti mọ́ ewéko náà lára. Èhù lílì ọjọ́-kan lè lo ọdún kan kí ó tó tanná ní ibi tí ó móoru, ó sì lè lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta ní ibi tí òtútù pọ̀, ọ̀pá àkọ́kọ́ rẹ̀ sì sábà máa ń ní ẹ̀ka àti ìrudi tí ó kéré sí èyí tí yóò ní nígbà tí ó bá ti fìdí múlẹ̀. Bí ọlọ́gbà bá pẹ́ kí ó tó kà á, kò burú, nítorí pé òdòdó kọ̀ọ̀kan tí ó já bọ́ máa ń fi àpá sílẹ̀ lára ẹ̀ka, a sì lè ka àpá wọ̀nyí nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti tán. Ṣùgbọ́n iye ọdún kan ṣoṣo ni àpá náà lè sọ. Kí ẹni tí ó ń kọ àkọsílẹ̀ ọgbà fi ọ̀rọ̀ náà, máa ń, sílẹ̀ títí di ìgbà tí èhù náà bá ti tanná ní ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, kí ó sì máa kọ ọdún tí ó yẹ̀ ẹ́ wò sí ẹ̀gbẹ́ iye ẹ̀ka, pàlàkà àti ìrudi tí ó bá lára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan.