Olú Inú Àpòòwé

Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ní Pobè àti Sakété, olú á bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Òmíràn a hù lára ìtì ọ̀pẹ tó ti jẹrà. Òmíràn a hù lórí ọ̀gán. Ikán ló ń tọ́jú ìyẹn. Ikán a máa kó igi àti ewé gbígbẹ wọlé, a fi ṣe oko kékeré fún olú, a sì máa jẹ nínú oko náà. Àgbẹ̀ ni ikán!

Ṣùgbọ́n olú kì í pẹ́. Èyí tó yọ lónìí lè ti jẹrà lọ́la. Ta ni yóò wá rántí olú tó hù nínú igbó Pobè lọ́dún yìí?

Àwọn kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ní Yunifásítì Parakou, lápá àríwá Benin, Ọ̀jọ̀gbọ́n Nourou Soulemane Yorou àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń ṣe ìwádìí olú. Bí olùwádìí bá rí olú nínú igbó, kì í sáré fà á tu. Á kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀. Á wo òkè rẹ̀, á wo abẹ́ rẹ̀, á sì gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á fi ọ̀bẹ wú u tìdí tìdí. Lójú ẹsẹ̀, á kọ ọ́ sínú ìwé: ibi tó ti rí i, ọjọ́ tó rí i, ohun tó hù lé, àwọ̀ rẹ̀ àti òórùn rẹ̀. Bí olú bá gbẹ tán, àwọ̀ rẹ̀ á ti yí padà, òórùn rẹ̀ á sì ti lọ.

Tó bá délé, á gé orí olú kan, á gbé e lé bébà, á fi ife dé e. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ìyẹ̀fun kíkúnná á ti bọ́ sórí bébà náà. Inú ìyẹ̀fun yìí ni olú mìíràn ti ń wá! Á yá olú tó kù lóòrùn tàbí nídìí ooru díẹ̀, títí á fi gbẹ. Á wá fi sínú àpòòwé pẹ̀lú ohun tó kọ. Olú gbígbẹ tí kò ní ìwé lára kò lè sọ ibi tó ti wá.

Olùwádìí a tún máa bi àwọn ìyá àgbà léèrè. Àwọn ló mọ orúkọ, bí ẹsẹ̀ adìyẹ, olú kékeré tó ń hù lára igi gbígbẹ. Àwọn ló mọ èyí tó ṣeé jẹ. Olú olóró lè jọ olú ọbẹ̀ gan-an, sísè kì í sì í pa oró àwọn mìíràn. Ọmọ tó bá rí olú tí kò mọ̀, kó má jẹ ẹ́. Kó pe àgbà wá wò ó.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí wọ́n fi ń pe ikán ní àgbẹ̀?
2. Kí ni olùwádìí ń kọ sínú ìwé kí olú tó gbẹ?
3. Orúkọ olú wo ni wọ́n mọ̀ nílé yín? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà.