Ìtọ́jú Ẹnu Ẹni Tó Ń Lo Oògùn HIV

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń bi wá ní kọ̀rọ̀, tí wọn kì í fẹ́ béèrè ní gbangba mọ́sálásí. Ẹni tó ti ń lo oògùn HIV déédéé, tí ara rẹ̀ ti le, kí ló tún ń dà á láàmú lẹ́nu? Kí ló dé tí ẹnu rẹ̀ ń gbẹ, tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tí nǹkan funfun ń hù lórí ahọ́n rẹ̀? Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n béèrè. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ dáhùn rẹ̀ níbí, níbi tí bàbá, ìyá àti ọmọ ti lè jọ kà á.

Kòkòrò tí ojú kò lè rí pọ̀ nínú ẹnu gbogbo wa, àti ẹni tó ní HIV àti ẹni tí kò ní. Àwọn ọmọ ogun ara ló ń ká wọn lọ́wọ́ kò. Àwọn ọmọ ogun yìí gan-an ni HIV ń pa, ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé inú ẹnu ni àìsàn náà ti sábà máa ń kọ́kọ́ fara hàn. Oògùn tí wọ́n ń fún àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn ibùdó ìtọ́jú ní Nàìjíríà kì í jẹ́ kí kòkòrò HIV bí sí i, àwọn ọmọ ogun ara á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ẹni tó bá ń lò ó láìpa ọjọ́ kankan jẹ, egbò àti nǹkan funfun inú ẹnu á dín kù púpọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n wọn kì í tán pátápátá, pàápàá ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, tí wọ́n ń bá ohun tó ti fara pamọ́ jà.

Nǹkan funfun tí a ń wí yìí, ìbátan ohun tó máa ń hù lórí búrẹ́dì tó ti pẹ́ ni. Ó máa ń dà bí wàrà tó dì mọ́ ahọ́n, àjà ẹnu tàbí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí a bá nù ún, abẹ́ rẹ̀ á pọ́n, á sì máa ta. Ó ní oògùn. Nystatin wà tí a ń fi sẹ́nu, fluconazole wà tí a ń gbé mì, dókítà ni yóò sọ èyí tó yẹ. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé bí ẹni tó ti ń lo oògùn HIV fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá tún rí i, kó má kàn ra oògùn ẹnu ní ṣọ́ọ̀bù kó sì máa lọ. Ó lè jẹ́ pé ó ti ń pa oògùn HIV rẹ̀ jẹ, ó sì lè jẹ́ pé oògùn náà kò ràn án mọ́. Kó padà sí ibùdó rẹ̀, kí wọ́n yẹ iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí oúnjẹ bá wá ń dùn ún lọ́fun nígbà tó bá ń gbé e mì, kó má dúró di ọ̀la.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ahọ́n funfun ṣe àyẹ̀wò fún ẹlòmíràn. Ọmọ ọwọ́ máa ń ní in. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó ń fín oògùn ikọ́ fée sí ọ̀fun, ẹni tó wọ eyín àtọwọ́dá tí kì í yọ ọ́ lóru, gbogbo wọn lè ní in. Ẹni tó wo ahọ́n ọmọnìkejì rẹ̀ tó sì lọ sọ fún ará àdúgbò pé HIV ni, a mọ ibi tí ẹ̀sìn wa fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí.

Ní ti ẹnu gbígbẹ, itọ́ kì í ṣe omi lásán. Òun ló ń ṣan eyín láti oúnjẹ kan dé òmíràn, òun ló sì ń pa oró kíkan tó ń jẹ eyín. HIV fúnra rẹ̀ lè dín itọ́ kù, àwọn oògùn kan náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ni kí ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń gbẹ máa mu díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe mínírà, kì í ṣe súìtì. Ọmọdé tó ń lo oògùn olómi náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ oògùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ṣúgà sí kó lè dùn lẹ́nu ọmọ. Bó bá ti mu ún tán, ẹ fún un lómi, kó tó sùn ẹ fọ eyín rẹ̀.

Nípa fífọ eyín, Mùsùlùmí kò ní àwáwí. Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fẹ́ràn pákò débi pé, bí kì í bá ṣe pé kò fẹ́ ni ìjọ rẹ̀ lára, ì bá pa á láṣẹ níbi ìrun kọ̀ọ̀kan. Orín ata, orín ayán àti síwáàkì tó ń wá láti ilẹ̀ Lárúbáwá, gbogbo wọn dára bí a bá rún orí wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí èrìgì rẹ̀ wú kò gbọdọ̀ fi pákò líle gún un, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló yẹ ẹ́. Kí ó sì lo ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ìṣẹ́jú méjì, kí ó tutọ́ rẹ̀ dànù láìfi omi púpọ̀ ṣan ẹnu. Nínú Ramadan, ẹ fi ọṣẹ fọ eyín lẹ́yìn sààrì kí ìdájí tó là, àti lẹ́yìn ìṣínu. Ní ọ̀sán, pákò lásán ti tó. Oògùn HIV tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ lè bọ́ sí àkókò sààrì tàbí ìṣínu, ṣùgbọ́n kí dókítà mọ̀ sí i kí oṣù tó dé. Ẹni tí dókítà bá ní kó má gbààwẹ̀, Àlùkùránì ti fi àyè sílẹ̀ fún aláìsàn.

Èyí tó wà lọ́kàn wa jù ni ti ọmọ tuntun. Itọ́ kì í kó HIV ranni. Ẹ lè jọ jẹun nínú àwo kan, ẹ lè mu omi nínú ife kan. Ẹ̀jẹ̀ ni ká ṣọ́ra fún, nítorí náà ni olúkúlùkù nínú ilé fi gbọ́dọ̀ ní búrọ́ọ̀ṣì àti pákò tirẹ̀. A mọ súnà fífi dàbínù pa àjà ẹnu ọmọ tuntun. Áfáà tàbí àgbà ilé á jẹ dàbínù náà kó rọ̀, á sì fi ìka fi í sẹ́nu ọmọ. Ìyá àgbà náà a máa bá ọmọ jẹ ẹran kó tó fún un. Ní 2009, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn nípa ọmọ mẹ́ta tí wọ́n gbà pé oúnjẹ tí àgbàlagbà tó ní HIV bá wọn jẹ ni wọ́n fi kó o. Ẹ̀jẹ̀ láti ẹnu ẹni tó jẹ ẹ́ ni wọ́n fura sí. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tó fi yẹ kó ṣẹlẹ̀ rárá. Ẹ yọ kóró dàbínù, ẹ fi omi mímọ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́, ẹ fi ọwọ́ tí ẹ ti fi ọṣẹ fọ̀ tẹ̀ ẹ́ kúnná, kí ẹ wá fi bíńtín pa àjà ẹnu ọmọ. Àwọn àgbà kan yóò ní kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Ẹ bá áfáà yín sọ ọ́ kí ìyàwó tó bímọ, kì í ṣe ní òwúrọ̀ ìsọmọlórúkọ. Bí a bá sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọmọ, kò sẹ́ni tí yóò máa bi ẹnikẹ́ni pé kí ló dé tí kò fi jẹ ẹ́.

Ó ku dókítà eyín. Ọ̀pọ̀ ló ń sá fún un nítorí ìbẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ wọn á tú síta. Wọ́n á wá máa fi omi bátìrì sí ihò eyín, èyí tó ń jó èrìgì, tàbí kí wọ́n máa lo àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ, èyí tí kò tọ́ sí Mùsùlùmí. Ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ nínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, tí a fi yọ ẹnu, lè fúyẹ́ ìrora náà díẹ̀ títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn. Ibọ̀wọ́ tí dókítà ń wọ̀ àti bó ṣe ń bọ irinṣẹ́ rẹ̀, bákan náà ló gbọ́dọ̀ ṣe é fún gbogbo aláìsàn, òfin Nàìjíríà ti 2014 kò sì fàyè gba kí wọ́n fi HIV ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ẹ dárúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún un, nítorí àwọn oògùn kan kì í bá ara wọn rẹ́. Egbò tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, àmì elésè àlùkò ní àjà ẹnu, tàbí èrìgì tó ń rùn tó sì ń jẹrà, ẹ gbé e lọ lọ́sẹ̀ náà gan-an, kí ẹ sì mú káàdì ìtọ́jú yín dání.