Ojúṣe Alábòójútó Iṣẹ́ Lábẹ́ Òfin Ààbò

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nílé iṣẹ́, alábòójútó ni àgbà náà: fọ́mánù tó ń pín iṣẹ́ láàárọ̀, ọ̀gá tó ń darí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ẹni tí ẹnu rẹ̀ tó láti ní kí ẹ̀rọ dúró. Òun kọ́ ló ni ilé iṣẹ́, òun kọ́ ló sì ń san owó oṣù, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó ní àṣẹ, òun ló sún mọ́ ewu jù. Ìdí nìyẹn tí òfin Nàìjíríà kò fi gbà kó sọ pé iṣẹ́ tí wọ́n rán òun lòun ń jẹ́.

Òfin tó dá lórí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni Factories Act, tí ìjọba ológun ṣe ní 1987, tó sì di apá kan ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ẹni tí ilé iṣẹ́ wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni òfin yìí kọ́kọ́ dì mú. Òun ló gbọ́dọ̀ pèsè afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀, omi mímu, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́, kó sì bo gbogbo ibi tó léwu lára ẹ̀rọ. Àmọ́ bó bá ṣe pé aṣojú rẹ̀ tàbí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló dá ẹ̀ṣẹ̀ náà gan-an, òfin ní ẹni yẹn pẹ̀lú jẹ̀bi, ìyà kan náà ló sì tọ́ sí i. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Fọ́mánù tó ní kí wọ́n yọ irin tó bo bẹ́líìtì ẹ̀rọ kí iṣẹ́ lè yá, òun gan-an lè bá ara rẹ̀ níwájú adájọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò tíì mọ iṣẹ́ ni òfin ti fọwọ́ kan alábòójútó jù. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lo ẹ̀rọ tó lè ṣe é léṣe àfi bí wọ́n bá ti ṣàlàyé ewu ibẹ̀ fún un yékéyéké, pẹ̀lú ohun tí yóò ṣe láti dènà rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ tó tó, tàbí kó wà lábẹ́ ojú ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà dénú. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fọ́mọlúàbí, ṣùgbọ́n nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó, odidi ọ̀rọ̀ ló yẹ ọmọlúàbí pàápàá. Ọmọ tí wọ́n gbà síṣẹ́ lánàá lè má mọ̀ pé abẹ ṣì ń yí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa iná, tàbí pé ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ tó gùn lè fà á wọnú bẹ́líìtì. Ẹni tó bá sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kó máa wo bí ẹnìkejì rẹ̀ ṣe ń ṣe é kò tíì kọ́ ọ ní nǹkan kan. Kí ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lójú ọ̀gá, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ewu ibẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ sílẹ̀. Ìwé yẹn ni yóò gbẹnu sọ fún alábòójútó bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù.

Ti ilẹ̀kùn kò gba àwáwí rárá. Níwọ̀n ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá wà nínú ilé, òfin kò fàyè gba títi ilẹ̀kùn lọ́nà tí ẹni tó wà nínú kò fi ní lè tètè ṣí i. Ní 2002, iná jó ilé iṣẹ́ kan ní Odogunyan, ní Ìkòròdú; wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ló sì kú síbẹ̀. Torí olè ni wọ́n sábà máa ń ṣe irú èyí. Ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu géètì tó fún olè. Alábòójútó tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀ nígbà tí ènìyàn ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì, ẹ̀mí wọn ló kì bọ àpò.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí àṣíborí, ìbọ̀wọ́ àti awò ojú wà ní yàrá ẹrù kò tó. Alábòójútó ní láti rí i pé wọ́n wà lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Òfin ti òṣìṣẹ́ náà lẹ́yìn dé ibi kan, ó sì bá a wí pẹ̀lú: kò gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ba ohun ààbò jẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ lo èyí tí wọ́n fún un. Bí ó bá rí ewu ńlá tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tó sì sá kúrò níbẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹ́, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ní kó padà sídìí iṣẹ́ títí wọn yóò fi tún ibẹ̀ ṣe. Èyí wà nínú àdéhùn àgbáyé lórí ààbò òṣìṣẹ́, ìkarùn-ún-dín-lọ́gọ́jọ nínú àwọn àdéhùn ILO, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, èyí tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1994. Lílé ẹni tó ń kìlọ̀ kúrò níṣẹ́ kò tún ẹ̀rọ ṣe. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èyí tó bá pa ènìyàn, tàbí tó sọ òṣìṣẹ́ di ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ fún ohun tó ju ọjọ́ 3 lọ, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó olùbẹ̀wò ìjọba létí lọ́gán. Òfin Employees' Compensation Act ti 2010 tún dárúkọ alábòójútó ní tààrà: òun wà lára àwọn tí òṣìṣẹ́ tó farapa lè sọ fún láàárín ọjọ́ 14, sísọ fún un sì ti di sísọ fún agbanisíṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ náà ní ọjọ́ 7 láti ròyìn fún NSITF, àjọ tó ń ṣàkóso owó ìrànwọ́ tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń dá, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n ń san fún òṣìṣẹ́ lóṣooṣù. Wọn kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí. Fọ́mánù á fún ẹni tí ìka rẹ̀ gé lówó oògùn, á ní kó lọ sinmi, á sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí ọ̀gá gbọ́. Ó lè rò pé àánú lòun ṣe. Bẹ́ẹ̀ òfin kò ka àdéhùn tí òṣìṣẹ́ fi yááfì ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí, ọdún 1 péré ló sì wà láti fi béèrè owó ìrànwọ́ náà. Nítorí náà, lọ́jọ́ náà gan-an, kí alábòójútó kọ orúkọ ẹni tó farapa sílẹ̀, wákàtí àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́, ohun tó fà á àti orúkọ àwọn tó rí i, kó sì kọ bí ẹ̀rọ náà ṣe wà kí ẹnikẹ́ni tó tún un ṣe.