Ẹ̀KỌ́ TI OṢÙ YÌÍ: ṢÉ ÈRÈ WÀ NÍNÚ KÍKỌ ÀPILẸ̀KỌ TÀ LÓRÍ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ?

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó mẹ́ta ni ó wà lórí tábìlì tí ohun kan náà wà nínú wọn: owó láti ra láptọ́ọ̀pù fún ọmọ tí ó fẹ́ máa kọ àpilẹ̀kọ tà fún àwọn òyìnbó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọmitíì kò fọwọ́ sí i, wọn kò sì kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí àwa tí a wà ní ọ́fíìsì lọ wádìí rẹ̀, kí á kọ ọ́ sínú ìwé oṣù yìí, kí gbogbo ẹgbẹ́ kà á kí á tó tún jókòó. Ohun tí a rí nìyí.

Kí ni iṣẹ́ náà gan-an? Àwọn ọlọ́jà kan wà ní òkè òkun, ọ̀kan ń ta oògùn irun, èkejì ń ta táyà mọ́tò. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń wá nǹkan lórí Google bọ́ sí ọ̀dọ̀ wọn, nítorí náà wọ́n nílò ìwé kíkọ tí ó pọ̀ bí yanrìn: bí a ṣe ń fọ irun, bí a ṣe ń mọ táyà tí ó ti gbó. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wá dúró láàrin bí alágbàtà. Ọlọ́jà gbé iṣẹ́ wá, akọ̀wé gbà á, alágbàtà yọ tirẹ̀. Upwork àti Fiverr ni àwọn ọmọ wa ń dárúkọ jù. Orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì ni Fiverr ti bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Ilé iṣẹ́ méjì, Elance àti oDesk, ni ó para pọ̀ tí ó wá ń jẹ́ Upwork ní 2015. Fiverr ń yọ 20 nínú gbogbo 100 tí akọ̀wé bá pa. Upwork sọ tirẹ̀ di 10 nínú 100 ní 2023, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di 2025, ṣùgbọ́n láti 2019 ni ẹni tí ó bá fẹ́ bèèrè iṣẹ́ níbẹ̀ ti ń ra ohun kan tí wọ́n ń pè ní Connects, sẹ́ǹtì 15 fún ẹyọ kan, iṣẹ́ kan sì máa ń gba ju ẹyọ kan lọ. Bí wọ́n bá mú ẹlòmíràn, owó tìrẹ ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn tí ẹ ń hun òfì, ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì sí yín. Ẹni tí ó jókòó sídìí òfì láti àárọ̀ kọ́ ni ó máa ń bá ẹni tí yóò wọ aṣọ náà níbi ìgbéyàwó l'Ékòó dúnàádúrà. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ gbin tábà nígbà kan rí náà ẹ mọ̀ ọ́n: àgbẹ̀ a gbin ín, a sá a, a di í, a gbé e lọ, ẹni tí ó ń rà á ni yóò wá sọ pé èyí dára, èyí kò dára, òun náà ni yóò sì dá iye lé e. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìràwọ̀ 5 túmọ̀ sí iṣẹ́ rere. Bí ọlọ́jà kan bá fún ọmọ yín ní ìràwọ̀ 2, ọlọ́jà tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò rí i, yóò sì kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ kí á sọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, ìyá tí ó ń ta èlùbọ́, yá 240,000 náírà láti fi ra láptọ́ọ̀pù àlòkù fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní pólì. Oṣù 12 ni a dá fún un, èlé 10 nínú 100. Ìyẹn ni 20,000 owó gan-an àti 2,000 èlé, 22,000 lóṣooṣù. Àwa ni a kọ fọ́ọ̀mù yẹn, àwa náà ni a sì lu òǹtẹ̀ sí i. A bi ìyá náà léèrè iye èlùbọ́ tí ó ń tà lọ́sẹ̀, a bi í léèrè onídùúró. A kò bi ọmọ náà léèrè ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Ọmọ náà ní ìwé kékeré kan tí ó ń kọ gbogbo ìnáwó àti owó tí ó wọlé sí (ọmọ alájẹṣẹ́kù gidi ni), ó sì gbà kí á wò ó, kí á sì tẹ̀ ẹ́ jáde níwọ̀n ìgbà tí a kò bá dárúkọ òun. Oṣù kìíní, òfo. Oṣù kejì, dọ́là 8. Oṣù kẹta, dọ́là 20. Ẹ̀kẹrin, 32. Ẹ̀karùn-ún, 44. Ẹ̀kẹfà, 16. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 120. Àpilẹ̀kọ 30 ni ó kọ láti fi rí i, ọ̀rọ̀ 500 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dọ́là 5 ni ọlọ́jà ń san, dọ́là 4 ni ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ṣé ẹ rí bí ó ṣe ń gòkè bọ̀ kí ó tó já wálẹ̀? Ọmọ náà ti rò ó pé oṣù kẹfà yóò kan 60. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà fún un, ẹni yẹn ni kò sì dáhùn mọ́. Kò bá a jà, kò sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára. Ó kàn dákẹ́ ni. Àpilẹ̀kọ mẹ́ta tí ó ti kọ sílẹ̀ dè é wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní, gbogbo wọn lórí oúnjẹ ajá.

Bí a bá ṣírò dọ́là kan ní 1,500 náírà, dọ́là 120 jẹ́ 180,000 náírà. Owó ńlá, àbí? Ẹ dúró ná. Dátà jẹ 8,000 lóṣù, ìyẹn 48,000 fún oṣù mẹ́fà. Epo bẹntiróòlù tí ó ń bu sí jẹnẹrétọ̀ kékeré jẹ 15,000 lóṣù, ìyẹn 90,000. Ẹ yọ 138,000 kúrò nínú 180,000, ó ku 42,000. Láàrin oṣù mẹ́fà kan náà, ẹgbẹ́ gba 132,000 lórí ẹ̀yáwó náà. Ta ni ó wá san 90,000 tí ó kù? Èlùbọ́ ni ó san án.

Ìyá náà kò ráhùn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó wá sanwó ní ọ́fíìsì tí ó bi wá pé, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìwé kíkọ náà tún máa ń mu epo ni?" A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Nígbà tí a wá rí ìwé kékeré yẹn ni a mọ̀ pé òun nìkan ni ó ti ṣe ìṣirò tí ó yẹ kí àwa ṣe.

Ó ku ọ̀rọ̀ àkókò. Ọmọ náà sọ fún wa pé àpilẹ̀kọ kan ń gba òun tó wákàtí márùn-ún, nítorí òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà nípa ohun tí òun kò mọ̀ rí. Wákàtí 150 fún 42,000 náírà, ìyẹn 280 náírà ní wákàtí kan. Ní oṣù keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ fi owó oṣù tí ó kéré jù sí 70,000 náírà. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ fún ọjọ́ 22, nǹkan bí 400 náírà ni wákàtí rẹ̀ jẹ́. Owó oṣù tí gbogbo wa ń kùn sí pé kò tó jẹun ṣì ju tirẹ̀ lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ ni, pé yóò dára tí ó bá pẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí irú òwò yìí ní Amẹ́ríkà níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Associated Content bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé fún un, ó ń san dọ́là díẹ̀ díẹ̀. Ní 2010 Yahoo rà á ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 dọ́là. Nígbà tí ó di oṣù kejì ọdún 2011, Google yí ọ̀nà tí ó fi ń to ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì padà, ó ti àwọn ìwé oníyẹpẹrẹ sẹ́yìn, èrò tí ń wá sí irú àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì dínkù gidigidi. Ní 2014 Yahoo ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ pa. Àwọn akọ̀wé náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn sùn lálẹ́ ni, ọjà sì ti kó lọ.

Lẹ́yìn náà ni ChatGPT jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ẹ̀rọ yìí lè kọ ọ̀rọ̀ 500 lórí oúnjẹ ajá kí ẹ tó mu omi tán nínú kọ́ọ̀pù. Àwọn olùwádìí tí wọ́n wo àwọn akọ̀wé orí Upwork lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé iṣẹ́ wọn dínkù ní nǹkan bí 2 nínú 100, owó wọn sì dínkù ní nǹkan bí 5 nínú 100, láàrin oṣù díẹ̀ péré. Ọlọ́jà tí ó ń san dọ́là 5 tẹ́lẹ̀ ń bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí òun yóò fi tún san án. Ní tiwa, a rò pé ìwé olówó pọ́ọ́kú tí ẹnikẹ́ni lè kọ kò ní pẹ́ tí yóò fi di ti ẹ̀rọ pátápátá. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó dìde ní ìpàdé kí ó sọ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kò ní tan yín. Ọmọ ẹgbẹ́ wa mìíràn, tí ó ń ra kajú kiri abúlé, ní ọmọkùnrin kan tí iṣẹ́ yìí dára fún. Dọ́là 5 ni òun náà fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé ó ti bá bàbá rẹ̀ ká kajú, ó ti bá a sá a, ó mọ bí a ṣe ń gé e wò láti mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dára, ó mọ bí ọkọ̀ ṣe ń gbé e dé èbúté l'Ékòó àti ìwé tí wọ́n ń bèèrè lójú ọ̀nà. Ó fi oúnjẹ ajá sílẹ̀, ó ń kọ nípa kajú àti òrí nìkan. Àwọn tí ń ra irú èrè oko bẹ́ẹ̀ wá a kàn, wọ́n ń san dọ́là 30 fún ọ̀rọ̀ 1,000. Iṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó ń rí lóṣù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ní ojúmọmọ. Ọdún méjì ni ó gbà á kí ó tó dé ibẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Fóònù ni ó fi kọ́kọ́ ń kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ bí owó ṣe ń dé ọwọ́ náà ṣe pàtàkì. Nígbà tí PayPal gba Nàìjíríà wọlé ní 2014, fífi owó ránṣẹ́ ni wọ́n gbà wá láyè fún, a kò lè fi gba owó, ó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Payoneer ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń lò, ó sì ń yọ tirẹ̀ náà. Àwọn ilé iṣẹ́ kan kò tilẹ̀ gba ọmọ Nàìjíríà. Textbroker ti Amẹ́ríkà, ọmọ ilẹ̀ wọn nìkan ni wọ́n fẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn gbájúẹ̀ ti ń rí ọ̀nà wọlé. Wọ́n á ní kí ọmọ yín wá ra orúkọ òyìnbó kan tí ó ti forúkọ sílẹ̀, tàbí kí ó kọ́kọ́ san owó ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó fi iṣẹ́ hàn án. Ọmọ kan ládùúgbò wa ra irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ní kí ó fi ojú hàn nínú kámẹ́rà, ó parí síbẹ̀, owó tí ó wà nínú rẹ̀ kò jáde.

Ohun tí a fẹ́ gbé síwájú ìpàdé nìyí. Nígbà tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní Nàìjíríà ní 1935, ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó tí wọ́n ń para pọ̀ ta kòkó wọn wà lára ohun tí ó bí i. Ẹnì kan kò lè dá ra òṣùwọ̀n àti ilé ìkẹ́rùsí, ogún ènìyàn lè rà á. Ẹ padà wo ìwé kékeré ọmọ yẹn. Bí kì í bá ṣe ti epo, 42,000 rẹ̀ ì bá jẹ́ 132,000, iye tí ẹgbẹ́ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Dípò láptọ́ọ̀pù mẹ́ta fún ilé mẹ́ta àti jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta, ẹgbẹ́ lè ra láptọ́ọ̀pù méjì àti páńẹ́lì sólà kan sí yàrá tí ó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì wa, kí àwọn ọmọ máa san owó díẹ̀ fún wákàtí tí wọ́n bá lò. Ẹni tí kò bá kọ̀wé, kí ó fi tẹ ìwé, kí ó fi ṣe JAMB. Bí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ bá kú lọ́la, ẹ̀rọ ṣì wà. Akápò ti ń bèèrè iye owó páńẹ́lì kiri, yóò kà á fún yín.

Bí ìpàdé bá sì ní ẹ̀yáwó ni àwọn fẹ́, a ti fi ìlà mẹ́ta kún fọ́ọ̀mù: kí ni ọmọ náà mọ̀ tí ó lè kọ nípa rẹ̀, dọ́là mélòó ni ó ti fi fóònù pa, àti iná wo ni yóò lò. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò wá dáhùn, kì í ṣe ìyá.

Ọmọ ìyá elélùbọ́ ti san ẹ̀yáwó náà tán ní 2025. Ó ṣì ń kọ àpilẹ̀kọ méjì lọ́sẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n títẹ ìwé fún àwọn ọmọ pólì ní Ṣakí ni ó ń mówó wọlé fún un jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ìwé kékeré náà, ó wà ní ọ́fíìsì títí di ọjọ́ ìpàdé. A ti fi bébà bo orúkọ rẹ̀. Ẹ má ṣe ṣí i wò.