Ṣé Ariwo Ni Ìtara?

Ẹ̀kọ́ inú Bíbélì: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 18:24–28

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ká yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí ti ń lọ nílẹ̀ láàárín wa, ẹ jẹ́ ká má fi pa mọ́. Ní fẹ́lóṣíìpù ìgbà ìsinmi ọ̀sán, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹni tí kò bá pariwo nígbà àdúrà, tí kò fò sókè nígbà orin, kò ní iná nínú. Ọmọbìnrin SS1 kan gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì, kò wá mọ́. Ọmọ yìí ló máa ń tètè dé láàárọ̀, tó máa ń gbá yàrá tí a ti ń ṣèpàdé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ṣé lóòótọ́ ni kò nítara?

Ẹ wo Àpólò. Ọmọ Alẹkisáńdíríà ni, ó mọ Ìwé Mímọ́, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ara rẹ̀ sì gbóná fún Olúwa. Àmọ́ ìrìbọmi Jòhánù nìkan ló mọ̀. Pírísílà àti Ákúílà, tọkọtaya tí iṣẹ́ wọn jẹ́ àgọ́ pípa, gbọ́ ọ nínú sínágọ́gù. Wọn ò pè é ní aláìnímọ̀ láàárín èrò. Wọ́n mú un sọ́dọ̀, wọ́n ṣàlàyé fún un. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé Àpólò gbà. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀ gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń pàgọ́ jẹun! Ìgbà tó wá dé Ákáyà, ó wúlò gan-an fún àwọn onígbàgbọ́ ibẹ̀. Ara rẹ̀ ò tutù nítorí pé wọ́n kọ́ ọ. Ìmọ̀ ló kún un.

Ní ilẹ̀ wa níbí náà, ìtara oríṣi méjì ti kọlu ara wọn rí. Gbogbo wa la mọ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ó tó bí ọmọ ọdún 12 nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Ọ̀ṣoògùn ní 1821, ìyẹn kéré sí ẹni tó kéré jù ní SS1. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Ó di àlùfáà ní 1843, ó dé Abẹ́òkúta ní 1846, ibẹ̀ ló sì ti tún rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù.

Ibi tí ìtara rẹ̀ ti hàn sí mi jù ni iṣẹ́ ìwé. Ó máa ń tẹ́tí sí bí àwọn àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀, kó lè rí ọ̀rọ̀ tó bá ìtumọ̀ mu. Ní 1862 iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó, àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tó ti ń kó jọ fún ọdún 11 sì jóná pátápátá. Ẹ rò ó wò: tí nóòtù táàmù kan péré bá sọnù mọ́ wa lọ́wọ́, ọjọ́ mélòó la máa fi sunkún? Òun ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Òun àti àwọn mìíràn, bíi Thomas King, ló jọ ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ náà, odindi Bíbélì Yorùbá sì parí ní 1884.

Ní òpin ayé rẹ̀ ni àwọn òyìnbó ajíhìnrere kan dé sí Odò Ọya. Ọ̀dọ́ ni wọ́n. Graham Wilmot Brooke tó wà lára àwọn aṣáájú wọn kò ju bí ọmọ ọdún 25 lọ. Ẹ má ṣe rò pé wọ́n ń ṣe ojú ayé. Wọ́n fi ìdẹ̀ra sílẹ̀, wọ́n wọ aṣọ Haúsá ní Lọ́kọ́ja, wọ́n fẹ́ kí gbogbo nǹkan mọ́ lójú ẹsẹ̀. Nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ kan ní Onitsha ní oṣù kẹjọ 1890, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ Crowther dúró lójú bàbá náà, títí kan Dandeson ọmọ rẹ̀. Crowther, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kọ̀wé fipò sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ò ní àléébù o. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi bí ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣe bíṣọ́ọ̀bù, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó bi í léèrè bí ilẹ̀ ṣe rí.

Nítorí náà, tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara ẹnì kan gbóná fún Ọlọ́run, n ò ní wo ohùn rẹ̀ nìkan. Ẹni tó gbàdúrà títí ohùn fi há lọ́jọ́ Ẹtì, tó wá ń wá ẹni tí yóò jíwèé wò lára rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí ló gbóná níbẹ̀? Àmọ́ kí àwọn tó máa ń sùn ní ẹ̀yìn má rò pé ẹ̀yìn wọn ni mo wà. Jésù bá ìjọ Laodíkíà wí nítorí pé wọ́n lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọn ò sì mọ̀. Orin kíkọ dáa, ijó dáa. Èmi gan-an ni mò ń lu agogo, ẹ sì mọ̀ bí mo ṣe máa ń lù ú.

Kí ẹ tó wá ní ọjọ́rú, ẹ ka ẹsẹ 24 sí 28 yẹn, kí ẹ sì wo Róòmù 10:2 pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ sínú bébà, kó fi há ẹ̀gbẹ́ pátákó yìí. Ẹ̀yin adarí fẹ́lóṣíìpù, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni méjì nínú yín lọ bá ọmọ SS1 yẹn ní kíláàsì rẹ̀. Ẹ má wàásù fún un. Ẹ bẹ̀ ẹ́.